Ibi tí Kámẹ́rà Ọkọ Rẹ̀ Ń Wò

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ń dun èmi fúnra mi. Ohùn ni iṣẹ́ mi nínú fíìmù. Tí ẹ bá ń wo fíìmù, tí ẹ gbọ́ ìró bàtà lórí pákó, tí ẹ gbọ́ omi tó ń gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, tí ẹ gbọ́ èémí ẹni tí ẹ̀rù ń bà, èmi àti irú mi la jókòó tò ó kó tó dé etí yín. Ṣùgbọ́n tí àwọn èèyàn bá wò ó tán, kí ni wọ́n máa ń sọ? Wọ́n á ní, "Àwòrán yẹn mà dára o." Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ, kò sì tíì mọ́ mi lára. Torí náà, tí mo bá ń sọ̀rọ̀ owú, kì í ṣe àgbọ́sọ. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

Àmọ́ eré ọmọdé ni owú tèmi. Ẹ wá gbọ́ ti Àlùmọ́gàjí.

Àlùmọ́gàjí la máa ń pè é ní ọ́fíìsì, torí òun ló ń gé fíìmù. Àwọn ayàwòrán á kó àwòrán rẹpẹtẹ wálé, èyí tó mọ́, èyí tó gbọ̀n, èyí tí ìka wọn bo ojú kámẹ́rà. Òun á jókòó tì í, á gé tibí, á gé tọ̀hún, á lẹ ìyókù pọ̀ títí tó fi máa di ìtàn. Obìnrin kúkurú ni. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọwọ́ lọ. Kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì, á gbé tíì gbígbóná sápá ọ̀tún, á ní kí ẹnikẹ́ni má bá òun sọ̀rọ̀. Ká tó ṣẹ́jú, òun fúnra ẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Yàrá kan náà lèmi àti ẹ̀ ń lò. Kò ní fèrèsé. Wọ́n fi fóòmù bo ògiri kí ariwo òde má bàa wọlé, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń kán sínú garawa kan tí gbogbo wa máa ń gbàgbé láti dà nù. Tábìlì tiẹ̀ wà níwájú, tèmi wà lẹ́yìn, torí náà ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀ ni mo mọ̀ jù lára ẹ̀. Tínú bá ń bí i, ọrùn yẹn ló máa kọ́kọ́ le. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, Bọ̀ọ̀dá ló sì ń pè mí. Tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, á ní Bọ̀ọ̀dá Elétí-Ọfẹ, torí kò sí ohun tí wọ́n sọ nínú ilé yẹn tí mi ò gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín nípa iṣẹ́ wa. Ẹni tó ń gé àwòrán mọ ayàwòrán ju ìyá tó bí i lọ. Ohun tí ayàwòrán bá nífẹ̀ẹ́ sí, ibẹ̀ ni ọwọ́ ẹ̀ ti máa ń pẹ́. A ní ọkùnrin kan tí a rán lọ ya ìpàdé àwọn oníṣòwò. Gbogbo ìgbà tí alága ń sọ̀rọ̀, orí tábìlì tí wọ́n to ẹran díndín sí ni kámẹ́rà ẹ̀ ń wò. Àlùmọ́gàjí wò ó tán, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ rán ọkùnrin yìí níṣẹ́, ẹ fún un lóúnjẹ ná."

Ọ̀nà yẹn náà ló gbà rí ọkọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ nígbà yẹn. Tí wọ́n bá jáde lọ yàwòrán, òun ló ń ká wáyà tẹ̀lé wọn. Wọ́n lọ ya ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ọṣẹ. Nígbà tó wá jókòó láti gé e, ó rí i pé kámẹ́rà ọ̀dọ́kùnrin kan ò gbélé sára ọṣẹ. Ara òun ló ń bọ̀ ní gbogbo ìgbà: etí òun, ọwọ́ òun tó ń ká wáyà, ojú òun nígbà tí oorun ń kùn ún. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gé gbogbo ẹ̀ kúrò nínú fíìmù ọṣẹ, ó tọ́jú ẹ̀. Kí ọkùnrin náà tó rí ẹnu sọ pé òun fẹ́ ẹ, obìnrin ti mọ̀ tipẹ́. Ọkùnrin yẹn la ń pè ní Òmùwẹ̀, torí inú omi ló padà ń yàwòrán. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Tí ẹ bá kí i, orí ló máa fi dá yín lóhùn. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, ẹnu ìyá ẹ̀ lọmọ náà sì gbé wáyé.

Wọ́n ń gbé ìgbé ayé wọn jẹ́jẹ́ títí iṣẹ́ òkun fi dé. Yunifásítì kan ń wá ọkọ̀ kan tó rì sókun láyé ọjọ́un, ọkọ̀ onígbòkun tó kó àwo àti idẹ, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó sùn sí. Wọ́n fẹ́ kí a ya bí wọ́n ṣe ń wá a ní fíìmù látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọ̀gá wa gba iṣẹ́ náà. Òmùwẹ̀ ló máa ya abẹ́ omi, ìyàwó ẹ̀ ló máa gé e, èmi ni mo máa to ohùn. Ìṣe wọn nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń wá a ni pé tí kámẹ́rà bá ti jáde nínú omi, kí ẹni tó gbé e tó bọ́ aṣọ omi lọ́rùn, wọ́n á ti da ohun tó wà nínú ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sì fi ẹ̀dà kékeré ránṣẹ́ sí wa. Tó bá fi máa di ọ̀sán, a ti ń wo ohun tí wọ́n rí láàárọ̀.

Awalẹ̀pìtàn kan ló ń ṣáájú wọn, obìnrin. Gbogbo èrò inú ọkọ̀ ń pè é ní Dókítà. Mo béèrè pé ilẹ̀ wo ni awalẹ̀pìtàn fẹ́ wà nínú omi. Àlùmọ́gàjí rẹ́rìn-ín títí tó fi da tíì sórí tábìlì. Ọjọ́ yẹn, kò tíì rí obìnrin náà.

Àwòrán àkọ́kọ́ dé, iyanrìn àti ẹja lásán. Èyí tó tẹ̀lé e ni ìdákọ̀ró kan tí ìpẹtà ti jẹ dé ìdajì. Kámẹ́rà rọra ń tọ̀ ọ́ lọ, ó dára gan-an. Lójijì ó kúrò níbẹ̀, ó yíjú, ó lọ bá Dókítà níbi tó ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá iyanrìn. Ó wò ó. Ó padà sórí ìdákọ̀ró. Kò pẹ́, ó tún yíjú. Mo rí i tí ọrùn Àlùmọ́gàjí le.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ rí i?"

"Kí ni mo rí?"

"Ẹ má fi mí ṣe ọmọdé."

"Bóyá ẹja ló gbà á lójú."

"Ẹja tó wọ aṣọ dúdú, tó nídìí báyẹn?"

Mo kọjú sí iṣẹ́ mi. Ẹnu mi kọ́ ni wọ́n ti máa gbọ́ pé ìyá ọba lájẹ̀ẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn, oorun ò kun obìnrin yìí mọ́. Gbogbo àwòrán tó bá dé, ibi tí kámẹ́rà ti yíjú ló máa kọ́kọ́ wá. Ó wá ṣe ohun tó jẹ́ pé ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ ẹ̀ nìkan ló lè ṣe é. Ó gé gbogbo ibi tí kámẹ́rà ti yíjú jáde, ó lẹ̀ wọ́n pọ̀ tẹ̀léra tẹ̀léra, ó wá ń wò ó láìdúró: Dókítà, Dókítà, ẹ̀yìn Dókítà, ọwọ́ Dókítà, Dókítà tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ọba omi. Ìdákọ̀ró ò sí níbẹ̀ mọ́, iyanrìn ò sí, iṣẹ́ ò sí. Ìfẹ́ nìkan ló kù.

Inú bí mi. Mo ní, "Gbọ́, ìwọ obìnrin yìí. Tí wọ́n bá gé gbogbo ibi tí mo ti wo aago ara ògiri lójúmọ́ kan, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n á ní mo fẹ́ fi aago ṣaya."

"Aago kì í gba ọkọ ọlọ́kọ," ó ní. "Ojú lọ̀rọ̀ wà, Bọ̀ọ̀dá. Ojú tó fi wò mí nílé iṣẹ́ ọṣẹ nìyẹn. Ojú yẹn ni mo tìtorí ẹ̀ wọlé ọkọ. Kò sí òmíì tí mo ní."

Kò ké, kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé ibi tó le.

Òmùwẹ̀ wá sílé fún ìsinmi ráńpẹ́, mo sì lọ kí i. Aṣọ omi ẹ̀ wà níbi tí wọ́n gbé e kọ́ ní balùwẹ̀, gbogbo ilé ń rùn bí iyọ̀. Ọmọ ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí tábìlì oúnjẹ. Àlùmọ́gàjí gbé búrẹ́dì àti ẹyin síwájú wa, ó sọ ohùn ẹ̀ di dídùn. Mo ti mọ̀ pé wàhálà ti dé, torí ohùn ẹ̀ kì í dùn báyẹn lásán.

"Olówó orí mi, ọ̀rẹ́ yín ńkọ́?"

"Ọ̀rẹ́ mi wo?"

"Èyí tí ẹ jọ ń wẹ̀."

Òmùwẹ̀ gbé búrẹ́dì sílẹ̀. Ó gbìyànjú o, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Mi ò tíì gbọ́ kí ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀ tó báyẹn rí. Ó ní abẹ́ omi yẹn, méjì méjì ni wọ́n ń lọ. Ó ní ẹni tó bá mí lẹ́ẹ̀melòó kan gbọ́dọ̀ yíjú wo ẹnì kejì, kó rí i pé ó ṣì wà, pé ó ń mí. Ó ní kámẹ́rà yẹn tóbi, ojú lòun ń gbé e sí, ibi tí ojú òun bá yí sí, ibẹ̀ náà ni kámẹ́rà ń yí sí. Òfin ni.

"Òfin," ìyàwó ẹ̀ ní. "Nígbà tí ẹ ń ya abẹ́ afárá ńkọ́? Èmi ni mo gé e. Mi ò rí ẹni tí ẹ yíjú wò níbẹ̀."

"Nígbà yẹn, wọ́n so okùn mọ́ mi nídìí, ẹnì kan dì í mú lókè. Ibi tí a ti ń wá ọkọ̀ yìí ò gba okùn. Á há sára òkúta."

"Okùn á há. Ojú ò ní há."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Ọmọ gbé orí sókè nínú ìwé ẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé Dókítà yẹn rẹwà?"

Ká ní ó ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn ì bá jà, wọn ì bá parí ẹ̀. Ká ní ó ní rárá, wọn ì bá mọ̀ pé irọ́ ló ń pa. Ó rò ó títí, ó ní, "Ó mọṣẹ́ ẹ̀." Ẹ wò mí, mo ti láya rí, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Kò sí èsì tó burú tó ìyẹn láyé. Láti ìgbà yẹn títí tó fi padà sókun, adìẹ bà lókùn ni, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ọ̀sẹ̀ tó padà ni wọ́n rí ọkọ̀ náà. Inú gbogbo ayé ń dùn. Ọ̀gá wa ń ṣí ilẹ̀kùn wa ṣáá, ó ń béèrè pé tuntun ti dé àbí kò tíì dé. Àwòrán tó dé dára débi pé èmi tí mi ò fẹ́ràn àwòrán, mo bọ́ hẹ́dìfóònù létí kí n lè wò ó. Egungun ìhà ọkọ̀ ló tò sílẹ̀ lábẹ́ omi, ẹja ń gba àárín ẹ̀ kọjá. Ní ìdí ọkọ̀, àwọn àwo wà bí wọ́n ṣe tò wọ́n síra wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ti èbúté gbéra, ọ̀kan ò fọ́.

Kámẹ́rà ṣì ń yíjú. Ó wá burú sí i. Dókítà rí ife idẹ kan, ó gbé e sókè sí kámẹ́rà, ó rẹ́rìn-ín tí omi fi ń hó lẹ́nu ẹ̀. Kámẹ́rà dúró lára ẹ̀, ó dúró, kò kúrò. Níbi yẹn, èmi náà ò rí àwáwí ṣe fún un.

Àlùmọ́gàjí pe ọkọ ẹ̀ lórí fóònù nínú ọkọ̀ tí wọ́n wà. Ohùn ò já geere, ó ń gé, torí náà ó ní kí n so ó mọ́ àwọn sípíkà mi. Báyìí ni mo ṣe gbọ́ ọ. Ó máa ń sọ "ẹ" fún ọkọ ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, "ẹ" ti lọ.

"O tún wò ó."

"Mo ti sọ fún ẹ, òfin ni."

"Òfin ló ní kó o dúró máa wo ẹ̀rín ẹ̀?"

Afẹ́fẹ́ ojú òkun nìkan là ń gbọ́.

"Gbọ́ mi dáadáa," ó ní. "Mo ti di ẹrù mi àti ti ọmọ. Àwòrán tó ń bọ̀ lọ́la, tí kámẹ́rà ẹ bá fi kúrò lára ọkọ̀ yẹn lọ sára obìnrin yẹn, bó ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré, o ò ní bá wa nílé."

"Ìyàwó mi, abẹ́ omi ò dà bí orí ilẹ̀."

"Yan èyí tó o bá fẹ́."

 "Ó dáa," Òmùwẹ̀ ní. "Mi ò ní yíjú."

Òótọ́ ló ti di ẹrù. Báàgì náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ wa, bàtà ilé ìwé ọmọ ló wà lókè.

Lọ́jọ́ kejì, kò mu tíì. Nígbà tí àwòrán dé, ó gbé àga sún mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ wọ inú ẹ̀. Ara àwọn àwo yẹn ni kámẹ́rà wà. Ó rọra ń bọ̀ láti òkè àwo dé ìsàlẹ̀ ẹ̀, ó gba ara igi ọkọ̀, ó padà. Kò gbọ̀n. Kò yẹ̀. Mo ti ń rí iṣẹ́ Òmùwẹ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́, mi ò rí èyí tó dára tó o rí.

Ìró kan wá bẹ̀rẹ̀. Tí ẹnì kan bá fẹ́ kí ẹnì kejì wo òun lábẹ́ omi, ó máa ń fi irin lu àgbá afẹ́fẹ́ tó gbé sẹ́yìn. Dókítà máa ń lù ú tó bá rí nǹkan tó dára: kó-kó, á dúró, kó-kó. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ohùn àwọn ọmọ mi.

"Òun nìyẹn," Àlùmọ́gàjí ní. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń kanlẹ̀kùn fún ọkọ mi."

Kámẹ́rà wà lára àwo. Ìró náà ń dún. Kámẹ́rà ò yíjú.

"Kò yíjú," ó ní. Ó yí àga ẹ̀ sí mi, omi wà lójú ẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdébìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ rí i, kò yíjú. Ọkọ mi gbọ́ tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ohùn yẹn sókè díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ bó ṣe ń lù ú lásán."

Mo gbé e sókè. Ǹ bá má ti gbé e sókè. Ẹni tó rí ife idẹ kì í lu àgbá báyẹn. Ó ń yá, kò sí ìdúró láàárín ẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ó ń falẹ̀, ọ̀kan, ó pẹ́, ọ̀kan.

"Àlùmọ́gàjí, dákẹ́ ná," mo ní.

Ó dákẹ́. Ìró náà ò dún mọ́. Èémí Òmùwẹ̀ nìkan ló kù, èémí ẹni tó fọkàn balẹ̀ sídìí iṣẹ́ ẹ̀, àwọn àwo sì ń kọjá lọ lójú wa, wọ́n mọ́ tónítóní. Ó pẹ́ kí kámẹ́rà tó yíjú. Nígbà tó yíjú, iyanrìn ti dà rú, a ò rí nǹkan kan. A rí àwọ̀n, àwọ̀n àwọn apẹja tó ti gbó, ó ta kókó mọ́ ara igi ọkọ̀. A rí ọwọ́ kan nínú ẹ̀. Kámẹ́rà bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń fì lára okùn tó fi kọ́ ọ lọ́rùn, ó wo òkè omi, ó kú.

Ibẹ̀ la wà tí ọ̀gá fi wọlé. Kò mọ̀ pé a ti rí i. Ó ní àwọ̀n gbá Dókítà mú, ó fa ohun tó fi ń mí yọ lẹ́nu ẹ̀. Ó ní Òmùwẹ̀ ló gé àwọ̀n, tó gbé e jáde, pé wọ́n ti fi hẹlikọ́pítà gbé e lọ sí ọsibítù, kò tíì lajú. Ó ní ọkùnrin náà ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣáá tí kò yé àwọn tó wà nínú ọkọ̀, pé òun rò pé ó fẹ́ fi nǹkan hàn òun ni, pé òun ní kóun parí èyí tóun ń yà ná.

Àlùmọ́gàjí ní, "Ọkọ mi ńkọ́?"

"Kò sí ohun tó ṣe é."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wá bàtà ẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó pẹ́ níbẹ̀, bàtà ọ̀hún sì wà níwájú ẹsẹ̀ ẹ̀.

Dókítà ò kú. Ó lajú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àmọ́ apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò gbọ́ tiẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ ò sì já geere lẹ́nu ẹ̀. Kò lọ́kọ. Ìyá ẹ̀ ti darúgbó, kò lè gòkè ọsibítù. Òmùwẹ̀ ló wá ń lọ. Láàárọ̀ ló ń lọ, ìrọ̀lẹ́ ló ń bọ̀. Òun ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ, òun ló ń ti kẹ̀kẹ́ ẹ̀ lọ gba atẹ́gùn. Kò wọ omi mọ́. Tí wọ́n bá pè é fún iṣẹ́, orí ló fi ń dáhùn, kò sì ń lọ.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ bó ṣe rí. Òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin ò dénú, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ọkọ bá fẹ́ ẹlòmíì, obìnrin á pariwo, ẹbí á dá sí i, àwa ọ̀rẹ́ á bínú. Àmọ́ ta ló máa jowú ẹni tí kò lè gbé ife dé ẹnu ara ẹ̀? Ẹnu wo ló máa fi sọ ọ́, ta sì ló máa sọ ọ́ fún? Àlùmọ́gàjí ló ń se oúnjẹ tí ọkọ ẹ̀ ń gbé lọ. Ó bá a lọ lẹ́ẹ̀kan, ó kí Dókítà, ó tún ìrọ̀rí ẹ̀ ṣe. Nígbà tó dé ibi iṣẹ́, ó jókòó, kò tan kọ̀ǹpútà.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "ọkọ mi mọ ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn ún. Ó ní, 'Ẹ má jẹ́ kó fi òsì sùn, ó ń dùn ún.' Èmi tí mo bímọ fún un, kò mọ ẹ̀gbẹ́ tí mo fi ń sùn."

Mo gbé garawa lọ dà nù. Àgbà tó bá ní òun rí nǹkan sọ síyẹn, òpùrọ́ ni.

Yunifásítì wá kọ̀wé pé àwọn fẹ́ kí fíìmù náà jẹ́ ti Dókítà, kó jẹ́ pé òun ni èèyàn á máa rí láti òkè délẹ̀. Gbogbo ibi tí kámẹ́rà ti yíjú, tí Àlùmọ́gàjí ti gé dànù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí n bá a sọ fún ọ̀gá kó gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀. Ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀ ò le mọ́ lásìkò yẹn, ó kàn wà níbẹ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Òmùwẹ̀ wá sí ọ́fíìsì láti bá wa sọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e nínú àwọn àwòrán náà. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa. Ó ti rù. Ìyàwó ẹ̀ ń ṣí wọn, ọkùnrin náà ń tọ́ka, "Èyí ló ṣáájú. Èyí ló tẹ̀lé e." Wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Mo fi hẹ́dìfóònù bo etí mi kí wọ́n lè rò pé mi ò gbọ́, àmọ́ mi ò fi nǹkan kan sí i.

Nígbà tó yá, Àlùmọ́gàjí dá àwòrán dúró. Kò yíjú sí ọkọ ẹ̀. Ojú Dókítà ló wà níwájú ẹ̀, ó ń wo òun àti ọkọ ẹ̀ láti abẹ́ omi.

"Ká ní mi ò pè yín lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn," ó ní, "ṣé ẹ máa yíjú?"

"Ǹ bá ti yíjú," Òmùwẹ̀ ní.

"Mo mọ̀." Ó mú ọwọ́ ẹ̀ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. "Mo mọ ohun tí mo ṣe, kò dìgbà tí ẹ bá sọ fún mi. Àmọ́ ẹ dákun, ẹ sọ nǹkan kan fún mi, mi ò ní bi yín mọ́ láyé. Gbogbo bí ẹ ṣe ń yíjú wò ó nígbà náà. Ṣé òfin ni, àbí torí tiẹ̀ ni?"

Ọkùnrin náà wo ojú tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ó wò ó pẹ́.

"Òfin ni," ó ní.

Mo gbọ́ bí obìnrin náà ṣe mí sóde. Èémí yẹn ti há a láyà látìgbà ìdákọ̀ró yẹn. Ó wá yí àga ẹ̀ padà láti wo ọkọ ẹ̀, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ Òmùwẹ̀ ti dìde. Ó gbé báàgì oúnjẹ kọ́ èjìká, ó ní wọ́n ti fẹ́ jí Dókítà lójú oorun ọ̀sán, kò fẹ́ kó lajú kó má bá òun níbẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ọkùnrin yẹn kì í purọ́, ìyẹn ló burú lára ẹ̀.

"Nígbà yẹn," ó ní, "òfin ni."